Ẹni Tó Ti Kà Á Ló Ń Bá Wa Tà Á

Ẹni tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kì í pariwo pé ìdájí lòun ti jí, tàbí pé iná ti jó òun lọ́wọ́ kí àgbàdo náà tó jinná. Ohun tí ẹnu oníbàárà máa bá pàdé ló ń ké: ó jinná, ó gbóná, ó rọ̀. Àwa tí à ń kọ̀wé kì í sábà rántí ẹ̀kọ́ yìí bí ìwé bá jáde. A ó gbé àwòrán èèpo ìwé sórí Facebook, a ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta la fi kọ ọ́, pé kí ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ṣàánú, kí wọ́n rà á. Ìkíni kú oríire á rọ̀ bí òjò. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Póòsì tó ń sọ ìyà tí a jẹ, ìkíni ló ń béèrè, ìkíni náà ló sì ń rí gbà. Ẹni tó kọ "ẹ kú oríire" ti san gbèsè ojúlùmọ̀ tó jẹ, kò sí ohun tó tún kù tó máa mú un tọwọ́ bàpò. Ìwé ń tà nígbà tí ẹnìkan tí a fọkàn tán bá sọ fún wa pé, "Mo ti kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyàwó yẹn ti padà wálé, oorun dá lójú mi." Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe fún òǹkọ̀wé kò ju pé kí ó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn. Kí á tó máa lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọlẹ́yìn kiri, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ọgbọ̀n ènìyàn tó ti ka ìwé náà tán.

Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ìfilọ́lẹ̀ ìwé ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn. A ó gba gbọ̀ngàn, a ó pe alága, a ó pe bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ìsàlẹ̀, olùfilọ́lẹ̀ àgbà á dìde, á sì fi owó ńlá gba ẹ̀dà márùn-ún. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Owó ìtẹ̀wé máa ń ti ibẹ̀ wá, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ìwé tí wọ́n fi owó ńlá gbà nítorí iyì, orí tábìlì pálọ̀ ló máa ń sùn sí. Bí ẹ bá máa ṣe ìfilọ́lẹ̀, ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá gba ìwé kọ orúkọ àti nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀ síbẹ̀ bí ó bá fẹ́ kí ẹ máa kọ̀wé sí òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo lẹ ka ìwé náà dé?" Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ nípa ìtàn náà dá yín lóhùn, òǹkàwé ni. Ẹ ya orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Àwọn 30 àkọ́kọ́

Ẹ má dúró di ìgbà tí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé dé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ló yẹ kí á kó àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ jọ. Mẹ́wàá kéré jù, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ò ní kà á tán. Àádọ́ta pọ̀ jù fún ẹnìkan ṣoṣo láti bá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ni mo fara mọ́. Ẹ má fi ọkọ, aya àti ọmọ ìyá kún un. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí yín gan-an ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lè sọ pé orí karùn-ún falẹ̀. Ẹ wá olùkọ́ èdè Yorùbá méjì tàbí mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ní FUTA ní Àkúrẹ́ tàbí ní Adeyemi nílùú Oǹdó, irú èyí tó máa ń jiyàn lórí ìwé. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tó ń kàwé nígbà tí wọ́àdù bá dákẹ́ lóru, àti àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí ìwé ìròyìn ò tó kà mọ́. Kí wọ́n má ti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo wá, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àwùjọ tirẹ̀ tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Bí a ṣe ń fún wọn ní ìwé náà ṣe pàtàkì. PDF odindi ìwé tí a bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìka kan péré ló gbà láti ta á látaré sínú gúrúùpù tí ènìyàn 500 wà, ẹni tó sì ta á látaré kì í ka ara rẹ̀ sí olè. Lójú tirẹ̀, ó ń polówó yín ni. Ohun tó dára jù ni kí ẹ tẹ ẹ̀dà 30 sórí bébà lọ́dọ̀ atẹ̀wé tó ní ẹ̀rọ díjítà, nítorí pé ẹ̀rọ náà ò nílò páléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ẹ lè tẹ iye díẹ̀ tó bá wù yín. Ẹ̀rọ onípáléètì, irú èyí tó pọ̀ ní Ṣómólú àti Ìbàdàn, owó rẹ̀ máa ń dín kù lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá tẹ 500 tàbí 1,000, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí àtúnṣe ti parí nìyẹn. Bí owó ò bá tó láti tẹ 30, ẹ ṣe PDF lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé gbogbo. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Kò ní kó má lè ta á látaré, àmọ́ yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi wọ́n. Níbo lẹ ti fẹ́ gbé e sílẹ̀? Ta lẹ rò pé ó yẹ kó kà á, kí sì ni ìdí? Gbólóhùn wo lẹ kà sókè fún ẹlòmíràn? Èyí àkọ́kọ́ wà fún àtúnṣe. Èkejì á fi àwọn tí ìwé náà wà fún hàn yín, kì í sì í sábà jẹ́ àwọn tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn: ẹnìkan lè kọ ìtàn ìfẹ́ fún ọ̀dọ́, kí ó jẹ́ pé àwọn ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọn yóò máa dárúkọ. Ìkẹta ni góòlù. Bí ènìyàn márùn-ún nínú 30 bá mú gbólóhùn kan náà, òun ni kí ẹ kọ sí ẹ̀yìn ìwé, òun ni kí ẹ gbé sórí státọ́ọ̀sì, òun ni kí ẹ kà lórí rédíò. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbólóhùn yẹn. Èyí tó nira jù láti kọ ló máa ń mú, inú ìyà la tún padà sí.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lo ọ̀rọ̀ wọn tàbí orúkọ wọn. Bí olùkọ́ kan bá ní kí ẹ kọ "olùkọ́ kan ní Ìdànrè" dípò orúkọ òun, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ìwé, àmì ohùn àti èèpo

Ìwé Yorùbá ní wàhálà kan tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní: lẹ́tà náà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló máa gbé èkejì ka orí èkíní. Fọ́ǹtì tí wọn kò kọ́ ní iṣẹ́ yìí á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó ya àpótí òfìfo síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìwé tó dára nínú Word fi máa ń fọ́ yángá lórí èèpo. Kí ayàwòrán tó mú fọ́ǹtì, kí ó kọ gbogbo orúkọ ìwé náà àti orúkọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Noto àti Gentium mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Bí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ àmì ohùn kúrò kí ó lè mọ́ ní ojú, ẹ má gbà. Ìwé Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ kò ní àmì lórí èèpo ti sọ fún òǹkàwé pé inú rẹ̀ náà lè má pé.

Àmọ́ o, ẹni tó ń wá ìwé náà lórí Google tàbí lórí Facebook kì í tẹ àmì. Nítorí náà, nínú àpèjúwe ìwé níbi gbogbo, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láìsí àmì nísàlẹ̀. Bákan náà ni orúkọ yín. Háṣítáàgì kan ṣoṣo ti tó, kó kúrú, kó má ní àmì, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ láéláé. Bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Gboard, áàpù ìkọ̀wé ti Google, lórí fóònù Android, kò sì ní gbà ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí ọwọ́ tó mọ́ ọn.

Èèpo fún Kindle, ìyẹn ìwé orí fóònù tí Amazon ń tà, píksẹ́lì 2,560 ní gíga àti 1,600 ní fífẹ̀ ni Amazon dábàá. Ṣùgbọ́n ojú tí ó máa kọ́kọ́ rí i lórí fóònù, àwòrán tí kò ju èékánná lọ ló máa rí. Ẹ sún un kéré dé ìwọ̀n yẹn, ẹ sọ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún pé kó ka orúkọ ìwé náà. Bí kò bá rí i kà, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà tóbi sí i, kí ẹ yọ òdòdó àti òjìji kúrò.

Ẹ gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lọ́wọ́ Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nọ́ńbà oní-13 ni láti 2007, ìwé bébà sì ní tirẹ̀, ìwé orí fóònù ní tirẹ̀. Ó dà bíi pé kò kan ìpolówó, àmọ́ ilé ìtàwé ńlá àti Goodreads, ìkànnì tí òǹkàwé ti ń sọ èrò wọn nípa ìwé, nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn tí orúkọ wọn jọra.

WhatsApp ni ojúde

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹni tí kò ní àkáǹtì kankan lórí Instagram ní WhatsApp. Ibẹ̀ ni mo máa ń sọ pé kí òǹkọ̀wé fi agbára rẹ̀ sí, kí ó tó máa sáré lọ jó lórí TikTok.

Státọ́ọ̀sì máa ń kú lẹ́yìn wákàtí 24. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù láìsí ẹni tí yóò rojọ́, bí ẹ bá ti yí ojú rẹ̀ padà. Ẹ gbé gbólóhùn kan láti inú ìwé náà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú, ẹ gbé ohùn òǹkàwé kan síbẹ̀, ohun tó sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni kí ẹ dárúkọ iye owó àti bí a ṣe ń rà á. Ẹni tó bá ń dárúkọ owó lójoojúmọ́, kò pẹ́ tí wọn á fi í sí ìdákẹ́, kò sì ní mọ̀. Ẹ máa wo orúkọ àwọn tó rí státọ́ọ̀sì yín. Bí ẹnìkan bá rí gbogbo rẹ̀ láti oṣù kan tí kò sọ nǹkan kan, ó ń rò ó. Ẹ kí i, ẹ fi orí kìíní ránṣẹ́ sí i, kí ẹ má dárúkọ owó.

Broadcast, ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ló máa ń tan òǹkọ̀wé jẹ jù. Ènìyàn 256 ló lè wà lórí ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà. Òǹkọ̀wé á rò pé òun ti sọ fún igba ènìyàn, kí ó jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ni ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sí ẹni tó ra ìwé ni pé: "Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mi, kí ohun tí mo bá kọ lè máa dé ọ̀dọ̀ yín." Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ti tó. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fi ẹ̀sùn kan nọ́ńbà kan pé ó ń yọ àwọn lẹ́nu, WhatsApp lè ti í pa, gbogbo òǹkàwé á sì bá a lọ. Torí èyí ni kí ẹ fi ra síìmù mìíràn, kí ẹ fi WhatsApp Business sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ibi ìpàtẹ tí ẹ lè kó ìwé yín sí pẹ̀lú iye owó, ó sì jẹ́ kí ẹ lè lẹ àmì mọ́ orúkọ oníbàárà: "ti sanwó", "ìwé ti dé", "ó ń kà á", "ó ti kà á tán". Àmì ìkẹrin yẹn ni kí ẹ fẹ́ràn jù.

Líǹkì kan wà tí gbogbo ènìyàn lè ṣe fúnra wọn: wa.me, àmì ìlà yìí (/), 234, lẹ́yìn náà nọ́ńbà yín láìsí òdo iwájú àti láìsí àmì àròpọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín ló máa ṣí sí. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú bíi "Mo fẹ́ ra ìwé náà", kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ohun tó máa kọ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹni tó ní láti ṣe àdàkọ nọ́ńbà báǹkì, kó tún wá nọ́ńbà fóònù, kó tún ṣàlàyé ohun tó fẹ́, àárín ọ̀nà ni yóò ti gbàgbé. Ẹ sọ líǹkì náà di QR, àmì onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà fóònù lè kà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà. Kó má dín ní sẹ̀ǹtímítà méjì ní fífẹ̀, kó má sì wà lórí bébà tó ń dán, iná á máa fọ́ ọ lójú kámẹ́rà. Ojú ìwé yẹn ni òǹkàwé wà nígbà tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn jù.

Ohùn lágbára ju àwòrán lọ fún ìwé Yorùbá. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi kà á sókè, tí ẹ gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, kò tó mẹ́gábáìtì kan, ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ náà lè gbọ́ ọ. Bí ìjíròrò inú ìwé náà bá wà ní ẹ̀ka-èdè, ibẹ̀ ni kí ẹ kà. Ọmọ Ìgbókòdá tó gbọ́ Ìlàjẹ nínú ìwé, tàbí ọmọ Òkìtìpupa tó gbọ́ Ìkálẹ̀, kì í gbọ́ ọ tán kó tó ta á látaré sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kà á nínú yàrá tí aṣọ àti àkéte wà kó má máa dún gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ má fi orin sábẹ́ rẹ̀, orin á gbé àmì ohùn mì. Kí ẹ sì dákẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹnìkan nínú ìtàn náà bá ti wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Ní ti gúrúùpù tiyín, 1,024 ni iye tó lè gbà, àmọ́ ogójì ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ sàn ju ẹgbẹ̀ta tó dákẹ́. Ẹ má fi ipá kó ẹnikẹ́ni síbẹ̀, líǹkì ni kí ẹ fún un. Orí méjì lọ́sẹ̀, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, kò sí àdúrà tí wọ́n ta látaré, kò sí òṣèlú. Kí ádímíìnì jẹ́ méjì, kí ọ̀kan má jẹ́ òǹkọ̀wé. Ohun tó máa ń pa irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé tó ń gbèjà. Ẹnìkan á ní, "Mi ò fẹ́ràn ohun tí bàbá yẹn ṣe," òǹkọ̀wé á sáré ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn, gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́, torí pé ta ló fẹ́ bá ẹni tó kọ ọ́ jiyàn? Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà. Ẹni tó bá ti jà lórí ìwé kan á wá ẹlòmíràn tí yóò gbè é lẹ́yìn, ẹni náà sì ní láti ra ìwé kó tó lè gbè é.

Ẹgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀

Kò pọn dandan kí a dá gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀ fúnra wa. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó kúrò ní àgọ́ Ìkàrẹ́-Àkókó ń ṣe ìpàdé iṣẹ́ ìlú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n wà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní gúrúùpù tí kì í sùn. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ àsàlátù ń pàdé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Lọndọnu àti Amẹ́ríkà ń wá ohun tí ọmọ wọn yóò fi gbọ́ Yorùbá. Fún àwọn ti òkè òkun yìí, ẹ má ta ìwé nìkan, ẹ ta ohùn mọ́ ọn, torí ọmọ náà lè gbọ́ kó má lè kà. Àwọn olùkọ́ Yorùbá náà wà, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè fi yangàn: Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí ni wọ́n ti bí D. O. Fagunwa ní 1903, inú kíláàsì sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ tí olùkọ́ ń kà á sókè.

Bí a ṣe ń wọlé síbẹ̀ ló ṣòro. Ẹni tó wọ gúrúùpù láàárọ̀, tó lẹ ìpolówó mọ́ ọn lọ́sàn-án, wọn á ti yọ ọ́ kó tó di alẹ́. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹlòmíràn, tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ádímíìnì ní kọ̀rọ̀, kí ẹ gbé ohun tí ẹ ní sílẹ̀ kedere: ẹ̀dà kan fún òun bí wọ́n bá gbà tàbí wọ́n kọ̀, ìbéèrè mẹ́jọ tí ẹgbẹ́ lè fi jíròrò, ẹ̀dínwó fún ẹ̀dà mẹ́wàá tí wọ́n bá rà pọ̀, àti wákàtí kan tí ẹ máa fi wá jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá kà á tán. Ìbéèrè mẹ́jọ yẹn, kí ó má jẹ́ irú tí olùkọ́ ń béèrè nínú ìdánwò. "Kí ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí?" á mú kí gbogbo ènìyàn sùn. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni ìyàwó yẹn, ṣé wàá padà?" á mú kí wọ́n dìde dúró.

Bí ìpàdé bá jẹ́ ojúkojú, ènìyàn méjìlá tó jókòó yípo sàn ju gbọ̀ngàn lọ. Àwòrán tí ẹ máa yà níbẹ̀, kì í ṣe ti òǹkọ̀wé lórí àga gíga. Ẹ ya ọwọ́ òǹkàwé tó ṣí ìwé sílẹ̀, tí ó fi ìka sí ìlà kan, bí ó bá gbà. Ọjọ́ méjì wà lọ́dún tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé ń wá ẹni tí wọn yóò pè: 21 Oṣù Kejì, ọjọ́ èdè abínibí lágbàáyé, àti 23 Oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìwé lágbàáyé. Oṣù kan ṣáájú ni kí ẹ ti kọ̀wé sí wọn.

Rédíò kò tíì kú o. Orange FM, Positive FM àti Adaba FM ní àwọn olùgbọ́ tí Facebook ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má lọ bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé kó wá fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò nítorí pé ẹ kọ̀wé. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà lọ bá a: ogún pínpín, ọmọ tó sá lọ, owó kòkó, ohun tí olùgbọ́ lè pè wọlé lé lórí. Ẹ mú àyọkà méjì oníṣẹ́jú kan dání. Bí ẹ bá máa dárúkọ nọ́ńbà, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀.

Ilé tí kì í ṣe tiwa

OkadaBooks, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìwé orí fóònù, bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà sì ta ìwé wọn níbẹ̀. Ní òpin Oṣù Kọkànlá 2023 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òǹkọ̀wé tó mọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ ní orúkọ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ó sì sọ ibi tó wà fún wọn. Ẹni tí ìkànnì náà nìkan ló mọ àwọn tó ń ra ìwé rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ lo Selar, ìkànnì ìtajà kan, láti gba owó náírà, ẹ lo Amazon fún ará òkè òkun, àmọ́ kí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn òǹkàwé, pẹ̀lú àṣẹ wọn, wà lọ́wọ́ yín ju ibi kan lọ.

Amazon ní àwọn òfin tó ń gún ènìyàn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fún òǹkọ̀wé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bí owó ìwé orí Kindle bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, àmọ́ fún títà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lórí àkójọ wọn nìkan. Ìyókù jẹ́ ìdá 35. Ẹ yẹ àkójọ èdè tí wọ́n ń gbà wò kí ẹ tó ṣiṣẹ́ lórí ìwé Yorùbá rárá. Bí ẹ bá fọwọ́ sí KDP Select, ètò tó ń fi ìwé yín sí ọwọ́ Amazon nìkan, ẹ ò gbọ́dọ̀ ta ìwé orí fóònù yẹn níbòmíràn fún ọjọ́ 90, ó sì máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ẹ ò bá yọ àmì rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ láìkà á, wọ́n á sì tún máa ta ìwé kan náà lórí Selar. Èyí lè mú kí Amazon yọ ìwé náà kúrò.

Ẹ má sì dá àwọn òǹkàwé yín ní Àkúrẹ́ lẹ́bi bí wọn ò bá lè kọ èrò wọn sórí Amazon. Ẹni tí kò bá tíì fi káàdì ná ó kéré tán dọ́là 50 níbẹ̀ láàárín oṣù 12, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Goodreads, tí Amazon rà ní 2013, kò béèrè bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ ti tó. Ibẹ̀ ni kí ẹ darí wọn sí. Ẹ má sanwó fún èrò rere, ẹ má sì ní kí ẹbí yín kọ ọ́. Amazon máa ń yọ ọ́, òǹkàwé gidi pàápàá sì máa ń gbóòórùn rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta tí olùkọ́ kan kọ, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ falẹ̀ àmọ́ òun sunkún nígbẹ̀yìn, ń tà ju ìràwọ̀ márùn-ún tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú lọ.

Kí ìwé tó dé ọwọ́

Ìpolówó tó dára lè kú sí gáréèjì. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún iye tí ẹ dá, kí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má di pé oníbàárà sanwó tán kó tún máa gbọ́ òmíràn. Bí ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ ní wébíìlì, ẹ fi ọ̀rá dì í kí ẹ tó fi páálí dì í, torí òjò. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó ṣí. Ilé ìtàwé, ẹ̀dà márùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Wọ́n sábà máa ń béèrè ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye owó ìwé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn náà fọwọ́ sí i, kí ẹ máa yọjú lóṣooṣù. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò yọjú sí máa ń bọ́ sẹ́yìn ìwé ìdánwò, eruku á sì bò ó.

Ohun ìkẹyìn ni ìwé àkọsílẹ̀ kan, bébà lásán, kì í ṣe áàpù. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: orúkọ, ìlú, ọjọ́ tó sanwó, àti ẹni tó sọ fún un nípa ìwé náà. Ẹ bi oníbàárà gbogbo ní ìkẹrin yẹn, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló sọ fún yín?" kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ì báà jẹ́ "Àǹtí mi ní Òde-Ìrèlè" tàbí "ọkùnrin kan nínú ọkọ̀". Bí orúkọ kan bá hàn nínú ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé fóònù, kí ẹ pe ẹni náà, kí ẹ tó kọ póòsì mìíràn.